Kọ́kọ́ gba pàṣán lọ́wọ́ bàbá ọmọ yẹn

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe, ó sì ń múra ìdánwò ICAN, èyí tí wọ́n fi ń di akáǹtì tí ìjọba mọ̀. Ó ní bí òun bá ṣí ìwé, ojú òun á kà á dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tó kù lórí òun, òun á tún padà sókè. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní ilé ìwòsàn UCH sọ fún un pé ADHD ni, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè darí ọkàn rẹ̀ síbi tó fẹ́. Ó wá ń bi mí pé oògùn wo tàbí àgbo wo ni òun lè lò kí òun lè jókòó ti ìwé fún wákàtí mẹ́rin bíi ti àwọn ẹgbẹ́ òun.

Ìyá ọmọ, ojú ewé mẹ́ta ni o fi ṣàlàyé ara rẹ. Ìgbà tí o dágbére tán lo tó fi ìlà díẹ̀ yìí sí ìdí lẹ́tà: “Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, náà ti fẹ́ máa ṣe bíi tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà rẹ̀ ní alángbá ló ń wò lójú fèrèsé dípò kó máa kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń fi pàṣán tún un ṣe.” O fọwọ́ sí i, o fi ránṣẹ́.

Ìlà yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. ICAN lè dúró ná.

Ìwọ tí wọ́n ti sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún, tí dókítà ti jókòó tì, tó ṣàlàyé pé o kì í ṣe ọ̀lẹ, o kì í sì í ṣe olódo, báwo lo ṣe lè dúró máa wò nígbà tí wọ́n ń na ọmọ tó ń ṣe bíi tìrẹ? O kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé tíṣà kan pè ọ́ ní olódo níwájú gbogbo kíláàsì nígbà tí o wà ní prámárì mẹ́rin, o ní títí dòní o ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí o bá ṣí ìwé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á. Ohùn ta ni ọmọ tìrẹ náà yóò máa gbọ́ nígbà tó bá tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún?

O tún sọ nǹkan kan tó jọ pé o ò kà sí. O ní o ò tíì sọ fún ọkọ rẹ pé o lọ sí UCH rárá, kó má bàa ní wèrè ni òun gbé níyàwó. Nítorí náà, bàbá ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ó rí ọmọ tí kì í parí iṣẹ́ àṣetiléwá, ó rántí bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe tọ́ ọ, ó na ọwọ́ sí pàṣán. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó lè dá ọwọ́ yẹn dúró nínú ilé yẹn, o sì pa á mọ́ sínú. Ẹ̀yìn ọmọ ló ń san gbèsè àṣírí rẹ. Mi ò ní bá ọ fi oyin sí i.

Irú lẹ́tà yìí ti ń wá sọ́dọ̀ mi tipẹ́, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tí ọkàn rẹ̀ sì ti rìn dé Sángo, kò sí tíṣà tí yóò fura sí i. Ó di ìgbà tó bá dàgbà, tí iṣẹ́, ọkọ, ọmọ àti ìdánwò bá kó jọ lé e lórí, kó tó gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Ibi tí inú ti ń bí mi ni pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, ara wọn nìkan ni wọ́n máa ń rò. Bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń rìn nínú ìdílé ni. Bí òbí bá ní in, ó ṣeé ṣe gan-an pé kí ọmọ náà ní in.

Mi ò sọ pé ọmọ rẹ ní in o. Dókítà ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọn á béèrè bóyá ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ti ń ṣe é, bóyá nílé àti nílé ìwé ló ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ ilé ìwé nìkan, ó lè jẹ́ tíṣà ló ń dẹ́rù bà á. Wọ́n á yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, wọ́n á béèrè bó ṣe ń sùn. Fún ìwọ tí o ti dàgbà, mo mọ̀ pé wọ́n á ti bi ọ́ bóyá ó ti wà lára rẹ kí o tó pé ọdún 12. Prámárì mẹ́rin lo fi dá wọn lóhùn, àbí?

Wo ọmọ yẹn dáadáa níwájú pátákó. Ó gbójú sókè, ó mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kó tó tẹrí ba sórí ìwé, méjì ti já bọ́. Ó kọ ẹyọ kan tó kù, ó tún gbójú sókè láti wá ìyókù, kò rántí ìlà tó wà mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni alángbá mirí lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe ìwọ pẹ̀lú ìwé rẹ: ẹni tó ń kàwé ní láti di ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mú títí yóò fi dé òpin rẹ̀, ìdìmú yẹn ni kì í le lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ADHD. Ẹgba mélòó ló fẹ́ dá ọ̀rọ̀ méjì yẹn padà? Ọmọ tó ń kàwé tó tún ń fetí sí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìdajì ọkàn tó ṣẹ́ kù fún un náà ti lọ nìyẹn.

Ọkọ rẹ yóò sọ ohun tó máa ń sọ fún ìwọ náà, pé bó bá jẹ́ fíìmù ni, ojú yín ò ní kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni. Fíìmù ń fa ọkàn fúnra rẹ̀, ìwé ìṣirò kì í fà á. Ẹni tó ní ADHD lè tẹjú mọ́ nǹkan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Dídarí ojú yẹn síbi tó fẹ́, nígbà tó fẹ́, ló ṣòro fún un. Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wèrè pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta tí gbogbo ayé fi ń bú ara wọn yìí, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko. Bó bá ṣeé ṣe fún àwọn ará abúlé Abẹ́òkúta láti gba aláìsàn tí wọn ò mọ̀ rí sínú ilé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọkọ rẹ lè gbọ́ pé ọkàn ìyàwó òun kì í dúró sójú kan.

Ti ìwé rẹ: àgbo kọ́. Má sì gba hóró kankan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní òun fi ń kàwé mọ́jú. Oògùn wà fún ADHD, methylphenidate jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n dókítà ló ń kọ ọ́, á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, á béèrè nípa ọkàn tó ń lù láyà rẹ kó tó fún ọ. Wákàtí mẹ́rin yẹn, gbàgbé ẹ̀. Ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dìde, rìn, padà wá. Kà á sókè kí etí rẹ gbọ́, kí o sì fi bébà bo ìyókù ojú ewé. Ka ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ṣáájú, kí o lè mọ ohun tí o ń wá nínú orí ìwé yẹn. Gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Bí àbúrò rẹ bá lè wá jókòó tì ọ́, kó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó máa ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́.

Lọ bá tíṣà yẹn náà. Ní kó gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá síwájú, kó sì máa pín iṣẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀.

Sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ òní, kí ọmọ tó tún mú iṣẹ́ àṣetiléwá jáde lọ́la. Mú ìwé tí dókítà kọ fún ọ jáde, fi hàn án. O ní láti oṣù kẹta ni o ò ti padà sí UCH. Padà lọ. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń rí sí ọpọlọ àwọn ọmọdé níbẹ̀, nítorí náà mú ọmọ dání. Kí bàbá rẹ̀ bá yín lọ.