Pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìbọn ìdí yín, àti owó àpò yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, mo ní green card, mo sì ra ìbọn ìléwọ́ lọ́nà tó bófin mu. Mo fẹ́ máa fi ìnáwó mi ṣàtìlẹ́yìn fún ẹ̀tọ́ àtiní ìbọn. Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Ṣé kò ta ko ìwé òfin Amẹ́ríkà? Mo fẹ́ gbé tèmi wọlé kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni. Mo tún fẹ́ ra ọ̀kan fún àbúrò mi tó wà níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àbúrò yín kúrò nílẹ̀, torí irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù: ẹ má dán an wò. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó ní físà ìgbà díẹ̀ ní ìbọn, tàbí ọta kan ṣoṣo pàápàá, àfi níbi ìwọ̀nba àyè tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ra ìbọn fún ẹni tí òfin dínà fún lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15 lábẹ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022. Kódà bí àbúrò náà bá ní green card, bó bá kó owó fún yín pé kí ẹ bá òun rà á, irọ́ lẹ fọwọ́ sí lórí Fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó ń ra ìbọn máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn, níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ni ọjà. Ẹjọ́ Abramski ti yanjú ìyẹn ní 2014: Abramski fi owó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ Glock fún un, àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́ àtiní ìbọn, síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ó jẹ̀bi.

Ó ku pátákó. Ìbí yìí gan-an lẹ ti ṣì í. Àtúnṣe Kejì nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àtiní ìbọn, kò bá oníṣọ́ọ̀bù wí rárá. Ìjọba ló dá lọ́wọ́ kọ́: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù lè sọ pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ilé òun, bí ẹ̀yin náà ṣe lè sọ fún àlejò nínú pálọ̀ yín.

Lóòótọ́, láti oṣù Kẹsàn-án 2021, a lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìsí láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n pátákó lágbára lábẹ́ òfin. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Texas, abala 30.05 wà fún ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì, 30.06 wà fún oníláísẹ́ǹsì tó fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, 30.07 wà fún èyí tó gbé e síta. Òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì, kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó íǹṣì kan, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi rúlà wọn lẹ́tà kí wọ́n lè rí àlèébù tí wọ́n á fi wọlé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò. Ẹni tó bá kọjá pátákó náà lè san owó ìtanràn tó tó $200. Bí wọ́n bá wá fẹnu sọ fún yín pé kí ẹ jáde, tí ẹ dúró síbẹ̀, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti $4,000. Ẹni tó ní green card kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ṣeré. (Àlàyé gbogbogbòò ni mò ń ṣe o, kò rọ́pò agbẹjọ́rò yín.)

Àti pé ìbọn tí ẹ fẹ́ fi hàn yẹn, ta ló sọ fún yín pé ó ń ran àwa tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìbọn lọ́wọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2012, àwọn onífẹ̀ẹ́ ìbọn tú lọ ra kọfí ní Starbucks, torí pé ilé iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí gbígbé ìbọn. Ọ̀pọ̀ wọn fi owó bébà $2, tí kì í sábà wà lọ́wọ́ èèyàn, sanwó kí àwọn tó ń gba owó lè mọ̀ wọ́n. Ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà làwọn kan sọ ṣọ́ọ̀bù kọfí di pápá ìfihàn ìbọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, ọ̀gá Starbucks kọ̀wé síta pé kí oníbàárà má gbé ìbọn wá mọ́. Ní 2014, wọ́n gbé ìbọn gígùn wọ ilé oúnjẹ Chipotle ní Texas níbí, Chipotle náà ní òun kò fẹ́ mọ́. Àwa la fọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù gbọ́ yín, owó ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ra ọjà níbòmíràn fún oṣù kan, kí ẹ kó rìsíìtì jọ, kí ẹ wá kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí mánéjà: iye tí ẹ máa ń ná lọ́dọ̀ rẹ̀, iye tí ẹ ti gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àti ìdí rẹ̀. Ẹ má bá ọmọ tó ń gba owó jà, òun kọ́ ló gbé pátákó. Ó ṣiṣẹ́ rí: nígbà tí Smith & Wesson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn, bá ìjọba Ààrẹ Clinton ṣàdéhùn lórí ìdíwọ́ ìbọn ní 2000, àwọn tó ń ra ìbọn kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì ta ilé iṣẹ́ náà ní $15 mílíọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ilé ni kí ẹ fi ìbọn sí. Bó bá ti wà nínú mọ́tò, àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n fi wáyà irin so mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó, ni kí ẹ tì í mọ́, kí ojú má rí i. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ nídìí, àpò tí ìbọn wà nínú rẹ̀ tòun tìbọn ni kí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan. Yíyọ ìbọn nìkan nínú ìjókòó tóóró ló ń jẹ́ kí ìka tàbí etí aṣọ kọ́ ohun ìfàyìn, kó sì yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó bébà $2 sanwó bíi tiwọn, ẹ béèrè rẹ̀ ní báńkì yín. Ríra ọta ìbọn ńkọ́? Owó orí 11% tó wà lórí rẹ̀, àbójútó ẹranko ìgbẹ́ àti pápá ìyìnbọn ló ń lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kankan. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọrẹ yín nínú owó orí, NRA Foundation tàbí Second Amendment Foundation ni kí ẹ kọ sọ̀wédowó sí, kì í ṣe ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìbọn NRA fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí.