Ẹ fojú ara yín rí àtẹ̀gùn náà kí ẹ tó gbà

Ìyá Bàsírà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní wọ́n pe ọmọ yín tó ń lo kẹ̀kẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá pé kó wá pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ wá ń béèrè bóyá kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àkàndá ẹ̀dá lòun.

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi láti kékeré, ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn. Àwòrán mẹ́fà ni mo gbé lọ síbi ìpàtẹ mi àkọ́kọ́, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dàda ní Ìlọrin ni mo yà. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò pọ̀. Mo débẹ̀, mo ka méjìlélógún. Géńdé kan dì mí mú lábẹ́ abíyá, èkejì gbá ẹsẹ̀ mi mú, bàtà mi já bọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mi ò mu omi látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, torí òkè téńté ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ọ̀gá tó wá ṣí ètò náà ò tiẹ̀ wo àwòrán kankan. Àpò ìrẹsì ló gbé síwájú mi, ó ní kí wọ́n ya wá ní fọ́tò. Nígbà tí fọ́tò jáde, wọ́n kọ "arọ" sí i, wọn ò kọ orúkọ mi. Mi ò tọrọ ìrẹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ère òkúta Èsìẹ́ ní Kwara lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ ló ti kán lọ́rùn, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ wọn là ń lọ wò.

Òfin ọdún 2019 tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà (Discrimination Against Persons with Disabilities (Prohibition) Act) fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ó ti pé tipẹ́. Ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n máa ń sẹ́. Ẹ má sì gba pákó tí wọ́n bá sáré gbé lé àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ ètò. Ó máa ń dagun jù, kẹ̀kẹ́ á máa yọ̀ padà sẹ́yìn.

Ti fọ́ọ̀mù, kó kọ ohun tó nílò síbẹ̀, kí wọ́n sì gbé àwòrán kọ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹni tó jókòó lè rí i. Lára ògiri, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwòrán ti tó, àfi tóun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́. Yinka Shonibare tó ń ṣiṣẹ́ ọnà ní London máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé àkàndá ẹ̀dá lòun, àmọ́ òun ló yàn án.

Ẹ wọn kẹ̀kẹ́ Bàsírà láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì lónìí, kí ẹ mú tépù náà dání lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọn.