Màmá fẹ́ rí Melita

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lọ lo ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ní Malta, erékùṣù tí Bíbélì pè ní Melita. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n láwọn ń bá wa lọ, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọkọ mi tún ní dandan ká dé Gozo, erékùṣù kejì tó wà nítòsí ibẹ̀. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta á gbà á? – Ìyàwó Kékeré

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó fi Gozo sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Ċirkewwa kì í pẹ́ débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní Valletta, olú ìlú Malta, kí ẹ tó tò, kí ẹ tó padà, ilẹ̀ ti ṣú.

Orí òkè ni Valletta wà. Ọdún 1566, lẹ́yìn tí wọ́n lé ogun Tọ́kì lọ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, òpópónà míì níbẹ̀ sì jẹ́ kìkì àtẹ̀gùn. Ẹ wá ilé ìtura sí apá òkè, nítòsí títì Republic. Tí ẹ bá wà létí omi, ẹ̀rọ agbéniròkè kan wà tó máa gbé Màmá dé ọgbà Upper Barrakka wẹ́rẹ́. Ẹ tètè sọ fún wọn pé wọ́n máa ń yin àgbá níbẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún èmi. Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni mo bá ara mi, ọmọdé kan dúró, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ lọ sí Kàtídírà Jòhánù Mímọ́, torí wọn kì í gba olùṣèbẹ̀wò lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má wọ bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò: bíi 400 ibojì ni ẹ ó máa tẹ̀ kọjá, tí wọ́n fi mábù oríṣiríṣi àwọ̀ ya egungun òkú àti dòjé sí lára. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síwájú àwòrán ńlá tí Caravaggio yà lọ́dún 1608, níbi tí wọ́n ti bẹ́ Jòhánù lórí. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn sílẹ̀ dáadáa. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ayàwòrán náà kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mdina, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi. Rabat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ihò àpáta tí wọ́n ní Pọ́ọ̀lù gbé wà. Ẹ jẹ́ kí Màmá rọra sọ àtẹ̀gùn ibẹ̀. Orúnkún á dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn.

Tí ọkọ yín bá fẹ́ rí Hypogeum, ibojì abẹ́ ilẹ̀ tó ti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Èèyàn 10 péré ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ọ̀nà lèmi ti padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjà ẹja Marsaxlokk ló kàn. Wọ́n máa ń kun ojú méjì síwájú ọkọ̀ àwọn apẹja ibẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ọ̀nà lójú òkun. Mo ti mọ ohun tí Màmá máa sọ: ká ní ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ní irú ojú yìí ni!