Ìgbà wo lo dá ọ́ìlì rẹ̀ nù kẹ́yìn?

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ tán. O ti pé ọmọ ọdún 24, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ní Òkè-Àró, nílùú Àkúrẹ́ níbí, lo ṣì ń gbé, bàbá yín kú láìfi nǹkan sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ ò sì fẹ́ fún ẹ lówó òwò mọ́. O ní àwọn ni wọ́n ba ayé ẹ jẹ́.

Mi ò ní bú ẹ. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Oǹdó ra ọ̀kadà fún mi. Kí n máa san owó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀, kó wá di tèmi. Road Block sí géètì yunifásítì FUTA ni mo ń ná, owó sì ń wọlé. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi? Owó ọ́ìlì ni mo fi ń jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́.

Lóṣù keje, ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì mọ́ mi lábẹ́ ní Oyèmẹkùn, tèrò-tèrò. Mo pe Bàbá kékeré, mo ní ọ̀kadà tí wọ́n rà ò dáa látilẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ àwọn ará ilé bàbá mi ló wà ńbẹ̀, ni ìyá mi bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. (Ìyẹn ṣì ń dùn mí dòní. Obìnrin tó ń fi oòrùn ta ẹ̀fọ́, mo tún fi irọ́ febi pa á.) Mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnì. Ohun tó kán sínú agolo ò kún ife tíì, ó dúdú, ó ki bí ọṣẹ dúdú. Ó wò mí lójú: "Ìgbà wo lo dá ọ́ìlì rẹ̀ nù kẹ́yìn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Irin ti ń ha irin tipẹ́. Àfọwọ́fà ni, kì í ṣe àfiṣe.

Oǹdó ò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀, ọjọ́ 9 ni mo fi ń sún un síwájú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni mo bà á jẹ́." Mo rò pé wọ́n máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Owó ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ 11 ni mo fi ru kọnkéré ní Ọba-Ilé kí n tó rí owó tún ẹ́ńjìnì ṣe. Èjìká mi bó.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́ o. Ikú bàbá yín kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, ọ̀wọ́n ọjà náà kọ́. Àmọ́ o kọ ọ́ pé owó tí ẹ̀gbọ́n ẹ fún ẹ lọ́dún tó kọjá láti fi ṣe POS ti tán, o sì gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ó tán báwo? O ròyìn ìwà ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, o ò ròyìn owó yẹn.

Mú bírò, kọ iye tí ẹ̀gbọ́n ẹ fún ẹ àti ibi tí owó náà gbà lọ, títí kan èyí tó o fi ta tẹ́tẹ́, bó bá wà ńbẹ̀. Lọ kà á fún un láàárọ̀ kó tó jáde. Má béèrè owó kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ dá ẹ lóhùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ bàtà ẹ, wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa ru kọnkéré ní Ọba-Ilé.