Ẹ Bi Ìyá Láàbù: Ṣé Dandan Ni Kí N Fún Wọn Lẹ́jẹ̀ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata àti àlùbọ́sà ni mo ń tà ní Bódìjà. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ kan wá sọ́jà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Wọ́n ní ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ni àwọn ń ṣe, pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí àwọn lè wo àbùdá, ìyẹn ohun tí a jogún lọ́wọ́ òbí, tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó wò. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì gbaná jẹ. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò, ara ẹlòmíì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, pé ẹni tó ń jẹ nínú ìwádìí tí kò fẹ́ dá sí i, ahun ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà mí, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì sì ní òkè òkun ni wọ́n máa gbé e lọ. Ṣé mo jẹ gbèsè lóòótọ́? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá kọ̀? — Ìyá Ìbejì, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, ọjà á tà. Tí kò bá wù yín, ẹ kọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé Ìyá Láàbù ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn ènìyàn kí wọ́n tó bí i.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, ọmọ náà ò jayò pa. Ẹ wo yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń mú dání. Ní 1927, ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi tí ibà pọ́njú ń bá jà. Asibi yè é. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń tọ́ nínú láàbù títí agbára rẹ̀ fi rọ̀, ó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Òun náà la ṣì ń gbà títí dòní. Ọdún 1927 yẹn kan náà ni ibà ọ̀hún pa Adrian Stokes, dókítà tó ń wádìí rẹ̀ ní Èkó. Nítorí náà, gbèsè wà lọ́rùn wa, ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn tó wá ń sọ pé kí wọ́n fi ìwádìí sílẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe nǹkan gidi, mi ò mọ ohun tó ń pè ní gidi.

Àmọ́ gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́. Ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò, kó tó kan àwọn olówó àti àwọn tó fi owó ìlú kàwé. Kí wọ́n fo gbogbo àwọn wọ̀nyẹn, kí wọ́n wá máa dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ ìyá aláta, ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn. Òfin Ìlera ti 2014 náà kò gbà á: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá àti ohun tó lè ṣe lára ẹni, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn òbí tí ilé iṣẹ́ oògùn kan dán oògùn wò lára ọmọ wọn ní Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lọ̀rọ̀ tiwọn já sí, nítorí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ oògùn náà jiyàn, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Ní ti òkè òkun, ẹni ìsọ̀ kejì yín ò parọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ìbàdàn yìí, mo sì ń fi í yangàn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, tí wọ́n ń wo bí àbùdá àwa ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, 90 ọmọ Yorùbá níbí ló fún wọn lẹ́jẹ̀: ìdílé 30, bàbá, ìyá, àti ọmọ kan tó ti dàgbà. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó sọ̀rọ̀ ná. Lónìí, onímọ̀ tó bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Jàpáánù, á rí YRI níbẹ̀, Yorùbá Ìbàdàn nìyẹn. Nígbà tó di 2010, wọ́n ṣàwárí pé oríṣi àbùdá APOL1 kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa máa ń pa kòkòrò kan tó ń fa àìsàn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tó tún jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Ó jọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn ọmọ tó wá sọ́jà yín ń tọ pinpin. Tí àwa ò bá sí nínú ìwé wọn, ara àwọn ẹlòmíì ni wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n oògùn tiwa.

Tí ẹ bá gbà, wọ́n á so rọ́bà mọ́ yín lápá lókè ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ní kí ẹ di ọwọ́. Tùúbù tí ọmọrí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò ni wọ́n á fi gbà á. Oògùn tó wà nídìí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kò ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń dojú tùúbù yẹn dé tí wọ́n ń gbé e dìde. Ẹni tí ẹ bá rí tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ gba apá yín lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fírísà, ibẹ̀ sì ni inú ti máa ń bí mi. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan, mi ò ní dárúkọ, tí iná lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ jẹ ìnáwó ní Òṣogbo. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jà, ẹ̀jẹ̀ tíṣà, ẹ̀jẹ̀ aláboyún, gbogbo rẹ̀ ti yọ́, omi pupa ń ṣàn lórí táìsì. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún àwọn tó ni í. Ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwádìí, kó lọ wá ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ tí kò ra dísẹ̀lì, kó fi ẹni tó kọ̀ sílẹ̀.

Tí wọ́n bá padà wá, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, ṣé wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ yín nù? Tí wọ́n bá rí ohun tó ń ṣe kíndìnrín yín, ta ló máa wá sọ fún yín, ta ló sì máa sanwó dókítà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, wọ́n máa ń fẹ́ fò ó. Ẹ dúró tì wọ́n. Tí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, èmi ní tèmi á ní kí ẹ fún wọn. Tí wọ́n bá ń kùn, ẹ ta ata yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ni mò ń wádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Owó ti tán, mo fẹ́ lọ máa ta fóònù. Ọ̀gá mi ní ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọpọlọ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìwádìí sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣàngó

ÌDÁHÙN: Ta fóònù rẹ, ọmọ mi. Mo mọ ìtàn tí ọ̀gá rẹ ń sọ fún ẹ: bí kòkòrò funfun láti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ Áfíríkà tán, tí wọ́n rí agbọ́n tíńtín tó ń pa á ní Paraguay, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ní 1981. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Ìtàn gidi ni, òun ló jẹ́ ká ṣì ń rí gàrí mu. Àmọ́ ṣé ó sọ fún ẹ pé wọ́n ń gbowó oṣù? Pé wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń sin agbọ́n, tí ọkọ̀ òfurufú sì ń bá wọn tú u sórí oko? Ẹni tó bá ń pe iṣẹ́ ní ojúṣe rẹ, kó sọ ẹni tó máa sanwó rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa bi ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ kó o wọ oko wọn, ṣé o ti kọ ohun tó o rí níbẹ̀ sílẹ̀ tán? Tó ò bá tíì kọ ọ́, kọ ọ́, kí ẹlòmíì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó o sì padà lọ sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, fi àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù rẹ ránṣẹ́ sí mi. Bátìrì fóònù mi ti wú.