Glyphosate àti jẹjẹrẹ: ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Glyphosate, oògùn apakoríko, ni mo ń fín sí oko ẹ̀gẹ́ mi. Ọmọ mi ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń tà á fún mi ní ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kò fà á. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín, àmọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀ ni kálukú wọn mú wá.

IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ló sọ lóṣù kẹta ọdún 2015 pé ó jọ pé glyphosate lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí tí wọ́n rí lára ẹranko pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n rí lára èèyàn, lórí jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ non-Hodgkin lymphoma, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ IARC kò sì kọjá kó sọ bóyá nǹkan lágbára àtifa jẹjẹrẹ. Kì í díwọ̀n ewu tó wà fún ẹni tó ń lò ó. Ẹran màálù wà ní ìsọ̀rí kan náà, 2A, mi ò sì rò pé ẹ ti fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí àlàyé sí, àmọ́ kò tó. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, àti EFSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, náà bi ara wọn bóyá ó lè fà á, wọ́n sì ní kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí kálukú kà ló yàtọ̀. IARC kì í lo ìwádìí tí aráyé ò lè rí kà. Àwọn méjì tó kù ka èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà fi gbàṣẹ mọ́ ọn. Èyí tó kàn yín jù ni pé glyphosate fúnra rẹ̀ ni EFSA gbé yẹ̀ wò, nígbà tí IARC tún wo àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike. Nǹkan ọlọ́ṣẹ wà nínú ike yẹn tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ewé. Láti 2016 ni Yúróòpù ti ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú irú rẹ̀, POEA, kúrò nínú oògùn glyphosate.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà yẹn pé ní 2022, kóòtù kan ní Amẹ́ríkà da apá tó jẹ mọ́ ìlera èèyàn nínú ìpinnu EPA nù, pé àlàyé rẹ̀ kò dúró. Kóòtù ò ní ó ń fa jẹjẹrẹ o. Ẹ sì sọ fún ọmọ yín pé ìwádìí kan tó jáde ní 2018, lórí èèyàn tó lé ní 54,000 tó ń fín oògùn oko ní Iowa àti North Carolina ní Amẹ́ríkà, kò rí i pé glyphosate bá lymphoma tan.

Ní tèmi, èyí tó ń kan ara yín ni kí ẹ mójú tó. Tí táǹkì bá ń jò sí yín lẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ wáṣà rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí ẹ bá ń pò ó, ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹnu ìfín tó bá dí. Ẹ ka ara ike náà pẹ̀lú: tó bá jẹ́ paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti jẹjẹrẹ. NAFDAC ti fòfin dè é láti January 2024, nítorí díẹ̀ tó bá ṣèèṣì wọ ọ̀fun lè pa èèyàn. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.