Orúnkún tó ń ro yín: ẹ má jókòó tì í

Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé kèrékèré orúnkún yín, ìyẹn egungun rírọ̀ tó wà láàárín oríkèé, ti ń jẹ, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ máa rìn ni àbí kí ẹ jókòó títí ara yóò fi tù yín. Ìjókòó yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di arọ.

Orúnkún òsì ni tèmi. Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ń kọ̀wé lọ, ó ní, "Ọjọ́ orí ni, ẹ lọ sinmi," ló bá pe ẹlòmíì wọlé. Mo sinmi lóòótọ́, oṣù mẹ́rin gbáko. Àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Màá ti lajú, mi ò ní tíì mira, màá máa ro bí mo ṣe máa dé ilé ìwẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni mo ń gbà sọ̀ ọ́ bí ọmọ tó ń rá. Lọ́jọ́ kan mo wọ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo fi okùn wọn itan méjèèjì: ti òsì ti joro. Iṣan tó yẹ kó bá orúnkún gbé ẹrù ti lọ, ó wá ku orúnkún nìkan.

Ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìmárale nílé ìwòsàn mìíràn ló là mí lójú. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ẹ ka ení dé àrùn-ún, ẹ rọra sọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyókù ò le.

Ẹ kíyè sí oògùn ìrora o! Ibuprofen àti diclofenac ni mo ń gbé mì lójoojúmọ́ láìjẹun, ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi. Ìgbà tí ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà ni mo mọ̀ pé inú mi ti lọ́gbẹ́. Wọ́n tún lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè.

Bí ọwọ́ yín méjèèjì bá ń wú, tí oríkèé sì ń le gan fún ju wákàtí kan lọ láràárọ̀, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn, ẹ tètè lọ fi hàn wọ́n nílé ìwòsàn. Bí orúnkún bá ṣàdédé pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Háà, ìbéèrè yín. Ẹ máa rìn, mà, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ro yín díẹ̀, kò burú, àmọ́ bó bá dọjọ́ kejì tó ṣì ń ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dín in kù. Aṣọ tí wọ́n rì sómi gbígbóná dára láàárọ̀ tó bá gan. Omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé ló dára tó bá wú. Bí ara yín bá wúwo, kílò 1 tí ẹ bá já ń gbé bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kílò 7 ni mo já, àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi.

Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń ro yín ni kí ẹ fi mú un. Ọwọ́ òsì ni mo fi mú tèmi ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà yẹn rí i, kò sọ nǹkan kan.